Ẹ Jẹ́ Kí Owó Náà Kù fún Ọjọ́ Kejì Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹgbẹ́ wa fi dá owó jọ láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé níṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko igbó. Owó náà tó láti rán ogún ọmọ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan nínú wa wá dìde, ó ní ọmọ mẹ́rin péré ni kí a kọ́ dójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà. Ta ni kí a tẹ̀ lé? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan)

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú aápọn. Ẹni tó ní mẹ́rin ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ igbó. Ọmọkùnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bí a bá débi tí ẹfọ̀n yàgbẹ́ sí, á lóṣòó, á fi igi tú ìgbẹ́ náà wò, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, á ní, "Òde ẹ̀ ti ń gbẹ, inú ẹ̀ ṣì gbóná. Wọn ò tíì jìnnà." Òótọ́ ló sì máa ń jẹ́. Ọjọ́ tó gbàwé ẹ̀rí, a fún un ní bàtà aláwọ tuntun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo lọ sí abúlé wọn, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ti rí bàtà ọ̀hún. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́, ló bá ta bàtà, ló bá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi wáyà dẹ pańpẹ́ nínú igbó tí a kọ́ ọ láti máa ṣọ́. Ó wolẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn nìkan ló níṣẹ́ fún mi."

Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa la kọ́ ọ ní ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà, àwa náà la tún já a jù sílẹ̀.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín jẹ́ owó oṣù ọdún kan lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ tó yan ọmọ kankan, ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó igbó ọba tàbí igbó ìlú tó wà nítòsí wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á gba àwọn mẹ́rin yìí, àti pé bí ọdún tí ẹ san bá pé, àwọn á máa san án lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ tọ́jú owó yín ná.

Ohun kejì tí àwọn olówó kì í rántí ni ilé tí ọmọ náà ti wá. Ọ̀dọ́ abúlé kì í ṣe ẹni tó jókòó tẹtẹrẹ tó ń retí wa. Òun ló ń roko, òun ló ń da ẹran, òun ló ń gbé àbúrò. Bí ẹ bá mú un lọ lásìkò tí wọ́n ń gbin nǹkan, odindi ọdún kan lẹ mú lọ lọ́wọ́ ilé yẹn. Ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé wọn fún gbogbo ìgbà tí kò fi sí níbẹ̀. Ẹ bá wọn san owó adójútòfò pẹ̀lú, torí iṣẹ́ yìí ń pani. Gbogbo ọjọ́ 31 oṣù keje ni àwọn olùṣọ́ igbó káàkiri ayé fi ń rántí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹsẹ̀ wọn kí ẹ tó ra bàtà. Ọmọbìnrin kan fi bàtà tó há a lẹ́sẹ̀ rìn lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà ní obìnrin ò lè ṣe é. Ìgbà tó bọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́.)

Ní ti ẹni tó máa yan àwọn ọmọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀dá àti àwọn apẹran ti fẹ́ pa erin àti àgbánréré dúdú run ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Nàmíbíà. Garth Owen-Smith, ọkùnrin kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, tọ àwọn baálẹ̀ ibẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n fúnra wọn yan àwọn tó máa ṣọ́ ẹran. Àwọn tí wọ́n yàn mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mowó, àwọn baálẹ̀ ni wọ́n sì ń jíyìn fún. Oúnjẹ àti owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1996, òfin fún àwọn ará ìlú láṣẹ lórí ẹranko ilẹ̀ wọn àti èrè tó bá ti ibẹ̀ wá. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti lé ní 80 báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fi owó tí àwọn arìnrìn-àjò ń mú wá san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, mo mọ igbó dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò parí ilé-ìwé. Mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má gbàgbé ẹ̀. Iṣẹ́ yìí pín sí oríṣiríṣi. Ilé-ẹ̀kọ́ bíi ti Mweka, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1963 lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà, ń kọ́ àwọn tó máa ṣàkóso igbó, ibẹ̀ sì ní láti béèrè ìwé ẹ̀rí. Títọ ipasẹ̀ ẹran yàtọ̀ síyẹn. Ní àwọn ọdún 1990, Louis Liebenberg, onímọ̀ nípa títọ ipasẹ̀ ẹran, rí i ní Gúúsù Áfríkà pé àwọn tó mọ ipasẹ̀ jù, irú Karel Benadie, kò mọ̀wé kà. Òun àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà àfọwọ́gbé tí wọ́n ń pè ní CyberTracker, tó fi àwòrán rọ́pò ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí ipasẹ̀ á tẹ àwòrán ẹran náà, ẹ̀rọ á kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀. Wọ́n tún gbé ìdánwò kalẹ̀ tó jẹ́ pé ipasẹ̀ gidi ni wọ́n á nàka sí nínú igbó, wàá sì sọ ẹran tó ni ín.

Lọ bá ọ̀gá àwọn olùṣọ́ igbó tó sún mọ́ ọ, bẹ̀ ẹ́ kí o bá wọn rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó wá kọ ohun tó fojú rí nípa rẹ sínú lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Síbẹ̀, padà sídìí ìwé lálaalẹ́. Bí wọ́n bá mú apẹran dé kóòtù, ohun tí o kọ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti mú un ni adájọ́ máa kà.

ÌBÉÈRÈ: Níbo la ti lè rí owó kékeré fi bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo Rufford Foundation ní Lọ́ńdọ́nù. Iṣẹ́ kékeré ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ṣe ti àkọ́kọ́ dáadáa lè padà wá béèrè èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó máa jẹ́rìí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Fọ́ọ̀mù ò le, lẹ́tà àwọn ẹlẹ́rìí ló máa ń pẹ́.