Irinṣẹ́ wo ni mo lè fi lo npm, yarn, pnpm àti bun (àwọn irinṣẹ́ tó ń fi package, ìyẹn kóòdù JavaScript tí ẹlòmíràn ti kọ, sínú iṣẹ́) láìyí àṣẹ padà?

Lo `ni`, irinṣẹ́ orí tẹ́mínà tí Anthony Fu ṣe: àṣẹ kan náà ni wàá máa tẹ̀, òun ni yóò mọ èyí tí iṣẹ́ náà ń lò. Bí wọ́n ṣe ń fi í sórí kọ̀ǹpútà nìyí: `npm i -g @antfu/ni`.

Fáìlì lock inú fódà, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú ẹ̀dà package tí iṣẹ́ náà ń lò, ló ń wò. Bó bá rí pnpm-lock.yaml, `ni vite` á di `pnpm add vite`. Bó bá jẹ́ yarn.lock, á di `yarn add vite`. `nr dev` dípò `npm run dev`, `nun` fún yíyọ package kúrò. Bí fódà kò bá ní fáìlì lock, ó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ, àfi bí o bá ti kọ `defaultAgent=pnpm` sínú ~/.nirc, fáìlì ètò `ni`.

Ibi tó ti sábà máa ń dojú rú ni PowerShell lórí Windows. `ni` ti jẹ́ orúkọ ìnagijẹ New-Item níbẹ̀, nítorí náà fáìlì tuntun ló máa dá sílẹ̀ dípò kó fi package sí i. Kọ ìlà yìí sínú $PROFILE (fáìlì tí PowerShell máa ń kà nígbà tó bá ṣí), kí o sì tún PowerShell ṣí:

`Remove-Item Alias:ni -Force -ErrorAction Ignore`

Má ṣe jẹ́ kí fáìlì lock méjì wà nínú fódà kan; pa èyí tí ẹ kò lò rẹ́.