Gbèsè Kì Í Jẹ́ Kí N Sùn

Ìbéèrè: Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, gbèsè ọwọ́ àwọn oníbàárà ni mo máa ń rò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kọ gbèsè náà sínú ìwé kí ẹ tó wọlé sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ fi imú fa èémí sínú, ẹ kà dé 4. Ẹ rọra mí síta, ẹ kà dé 6. Mímí síta tó pẹ́ yẹn ló ń mú kí àyà lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 5 tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ń fà á jù nìyẹn. Gbèsè á ṣáà tún yọjú (ẹni tó ní òun kì í ro nǹkan kan, irọ́ ni). Ẹ má bá a jà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí yín láti ení.