Àbúrò mi, kì í ṣe iye èèyàn tó wà láyé ló yẹ kó kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní ọ̀rẹ́ rẹ mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Ékòó, wọ́n ní àwọn á sanwó fún ọ bí o bá fi àtọ̀ rẹ sílẹ̀ fún àwọn tọkọtaya tí kò rọ́mọ bí. Ọkàn rẹ kò gbà á. O ní ayé ti kún, o ní àwọn ọmọ tí kò lóbìí ń bẹ nílẹ̀, kí ló wá dé tí a ó tún máa wá ọ̀nà àrà láti bí òmíràn? Èmi lè dá ọ lóhùn, nítorí èmi ni ọkọ tí wọ́n lo àtọ̀ ẹlòmíì fún ìyàwó rẹ̀.

Ṣegede ló ṣe mí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n fi búlúù kùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sílẹ̀, kórópọ̀n ló wá wú. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́ fún, àmọ́ ó bà á jẹ́ fún mi. Nígbà tí a wá ṣègbéyàwó, ìyàwó mi ni wọ́n ń gbé kiri: àgbo lónìí, orí òkè àdúrà lọ́la, àwọn ìyá ìjọ ń fọwọ́ lé e níkùn. Mo gba ilé àyẹ̀wò lọ fúnra mi, èsì jáde pé kò sí irúgbìn kankan nínú àtọ̀ mi. Mo pe ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi jọ sílé wa n'Íbarà, mo ní kí wọ́n fi ìyàwó mi sílẹ̀, èmi ni. Ọjọ́ yẹn le. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbé àgbo wá fún un.

Ayé kún lóòótọ́, mi ò ní bá ọ jiyàn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní a pé bílíọ̀nù 8 ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2022. Ẹni tó bá gba Láfẹ́nwá kọjá lọ́jọ́ ọjà, tàbí tó yọjú sí kíláàsì ilé ìwé ìjọba kan níbí l'Abẹ́òkúta, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń kún un? Láti 1988 ni ètò ìjọba àpapọ̀ ti ní kí obìnrin má bí ju ọmọ 4 lọ. Ìwádìí ìjọba ti 2018 bá a pé, ní ìpíndọ́gba, obìnrin kan ń bí ọmọ 5.3, ti 2023 sí 2024 bá a ní 4.8. Ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń mú un wálẹ̀ ni ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ń kà àti ìfètòsọ́mọbíbí. Kò sí ibi tí wọ́n ti mú un wálẹ̀ nípa sísọ fún ẹni tí kò ní rárá pé kó jókòó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan péré ni èmi àti ìyàwó mi bí, a sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ aláìlóbìí tún ń dùn mí ju ìyẹn lọ, torí àwa nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwọn tó bí 6 ní ojúlé kejì wa, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lọ gba ọmọ tọ́. Bó bá jẹ́ ojúṣe ni, ojúṣe gbogbo wa ni. A lọ sí Òkè-Mosàn, a bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, a mọ ohun tí òfin àti ilé ẹjọ́ ń béèrè. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ara ìyàwó mi le, oyún ló fẹ́ gbé, mi ò sì rí ìdí tí àìsàn tèmi á fi gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bébà kan ni wọ́n gbé fún wa ní ilé ìwòsàn: gíga, àwọ̀ ara, irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, ẹ̀yà, iṣẹ́. Ìyàwó mi AS ni, nítorí náà ẹni tó jẹ́ AA nìkan la lè mú. Wọ́n ṣàlàyé pé wọ́n ti yẹ dónọ̀ náà, ìyẹn ẹni tó fi àtọ̀ sílẹ̀, wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú àti àtọ̀sí, wọ́n sì ti fi àtọ̀ rẹ̀ pa mọ́ sínú òtútù fún oṣù 6 kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, torí kòkòrò HIV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sára lè má hàn nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ìyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́, AA. Ibẹ̀ ni ohun tí a mọ̀ nípa ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ parí sí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá mi gbé e lọ́wọ́, ó pè é ní Àdùkẹ́, ó sì ki i ní oríkì ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ìkankan. Mo sunkún. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ àlùfáà Mùsùlùmí, kò wá. Nígbà tí mo lọ bá a nílé, ó ní òun kò bínú sí ọmọ. Ó ní láti 1980 ni mùfútì àgbà ilẹ̀ Íjíbítì, tó ń ṣe ìdájọ́ lórí òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí, ti ka irú èyí léèwọ̀, nítorí kí ìran má baà dàrú. Ó wá bi mí pé, “Báwo lẹ ó ṣe mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹ́?”

Mi ò gba ìdájọ́ rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ìwọ gbé yẹ̀ wò dípò bílíọ̀nù 8. Ní ilẹ̀ wa, kí ìdílé méjì tó so pọ̀, a máa ń ṣe ìwádìí. A ó rán èèyàn lọ sí àdúgbò wọn: ṣé wárápá wà nílé wọn? Ṣé ọpọlọ wọn kì í dàrú? Ṣé a ò tan mọ́ra látọ̀dọ̀ ìyá? Ta ló fẹ́ ṣe ìwádìí bébà? Ẹ̀gbá sì ń fẹ́ Ẹ̀gbá. Bí àtọ̀ ọmọkùnrin kan bá di ọmọ rẹpẹtẹ láàárín Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, yunifásítì kan náà ni wọ́n lè ti pàdé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Netherlands, níbi tí ìlànà àwọn dókítà nígbà náà ti ní kí dónọ̀ kan má bí ju ọmọ 25 lọ, Jonathan Jacob Meijer fi àtọ̀ tọrẹ títí ọmọ fi ju 550 lọ, ó ń parọ́ iye wọn fún àwọn òbí. Ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ The Hague tó dá a dúró. Bí o bá fẹ́ bẹ̀rù iye, irú iye yẹn ni kí o bẹ̀rù. Ní Ìlú Ọba, ìdílé 10 ni òpin, ẹni tó bá sì fi àtọ̀ tọrẹ láti oṣù kẹrin 2005 mọ̀ pé bí ọmọ bá pé 18, ó lè béèrè orúkọ òun. Níbí, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó fi iye kan dè é. Ọwọ́ ilé ìwòsàn ló wà, àwọn kan ń ṣe dáadáa, àwọn kan kò bìkítà.

Láti kékeré la ti ń sọ ìtàn náà fún Àdùkẹ́. Ó ti wà ní SS2 báyìí. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìbátan tó ń bínú, tàbí nínú èsì DNA. Ó béèrè lọ́jọ́ kan nípa dónọ̀ náà pé, “Bàbá mi, ṣé ó mọ̀ pé mo wà?” Mi ò ní ìdáhùn kankan fún un.

Nítorí náà, bí owó nìkan ló ń fà ọ́, má lọ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ ran èèyàn bíi tèmi lọ́wọ́, lọ, Ọlọ́run á san án fún ọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n: ìdílé mélòó ni wọ́n fẹ́ fún ní tèmi? Ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ọdún mélòó ni wọn ó sì fi tọ́jú rẹ̀? Ṣé ọmọ lè wá mi bó bá dàgbà? Jẹ́ kí ẹni tí o bá fẹ́ fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi lẹ́tà rẹ sínú fáìlì: ìlú rẹ, àìsàn tó wà nílé yín, èèwọ̀ ilé yín, àti ìdí tí o fi ṣe é. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, dìde, má fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀.