Kí ni ìtumọ̀ òwe "Ìbí kò ju ìbí," nígbà tí ẹbí bá ní ìdílé ẹrú ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, olùkọ́ wa pa òwe kan pé, "Ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ." Wọ́n ní ohun kan náà ni Jésù fi kọ́ wa. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ní n kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọbìnrin tí mo mú wálé, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹrú ni bàbá ńlá wọn láyé ọjọ́un. Kí ni òwe yìí ń sọ gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni ó bá ẹ̀kọ́ Kristi mu?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òwe náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Oṣù tí ìyá ọlọ́lá fi lóyún ni ìyá ẹrú fi lóyún. Ìrọbí kan náà ni wọ́n rọ, ẹkún kan náà ni ọmọ méjèèjì sun nígbà tí wọ́n délé ayé. Ogun, ìjínigbé tàbí gbèsè ló sọ ọ̀kan di ẹrú. Kò sí ohun tó bá a wá láti inú ìyá rẹ̀ tó pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí nígbà tí olówó ẹrú bá ń fìyà jẹ ẹrú ju bó ti yẹ lọ. Lónìí, a máa ń pa á fún ẹni tó ń lu ọmọ ọ̀dọ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Àwọn tó dá òwe yìí sílẹ̀ kì í ṣe ará ìlú tí kò mọ ẹrú. Inú agbo ilé tí ẹrú pọ̀ sí ni wọ́n ti ń pa á. Wọ́n mọ òtítọ́, wọ́n sì ń ra ènìyàn síbẹ̀. Gbọ́ òmíràn: "Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn." Ìyẹn ni pé ẹni tí ò ń pè ní ẹrú níbí yìí, ọmọ ẹnì kan ni níbòmíràn, jíjìn ọ̀nà nìkan ni kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó máa ń dùn mí jù lọ nínú wọn ni èyí: "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ti fojú ara rẹ̀ rí ìyà náà. Àwọn Yorùbá kan náà ló sì sọ pé, "Ẹrú kan ní í múni bú igba ẹrú." Bí ẹnì kan ṣe ṣe báyìí, gbogbo ìran rẹ̀ la ó fi bú. Òwe yìí kò yin ìwà náà. Ó kàn tú wa fó ni.

Tí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà láàárín wa? Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, láti ìgbà tí Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá ti fọ́, tí Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro, tí Ìjàyè fi ṣubú ní 1862, títí dé ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìsinmi. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjòyè lówùúrọ̀ lè wà nínú okùn kó tó dalẹ́. Tí a bá wá ń sọ lónìí pé ẹrú ni bàbá ńlá wọn, ohun tí à ń sọ kò ju pé ogun kó ìlú tiwọn, tí kò sì kó tiwa lọ́jọ́ náà. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọbìnrin yẹn níbẹ̀?

Wo ọmọkùnrin ará Òṣogùn kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ náà padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, wọ́n tà á fún àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ tó gbé e lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, tó sì di Samuel Crowther. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà gba ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Ní 1864, wọ́n fi Àjàyí yìí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bíbélì Yorùbá tí ìyá rẹ ń kà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, tó gbé ìhìn rere dé Abẹ́òkúta nígbà náà ló ti wọ ìdè rí. Bí àwọn ará ilé bá ti sọ pé àwọn kò ní bá ìran ẹrú da nǹkan pọ̀, ta ni ìbá kọ́ wọn ní Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run?

N kò ní sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ní ẹrú nílé nígbà yẹn, tí wọ́n sì ń jókòó ní ìjókòó iwájú. Nígbà tí Àlùfáà James Johnson kọjú ìjà sí níní ẹrú láàárín àwọn ọmọ ìjọ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, títí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1880. Ìdí nìyí tí àmín ìyá rẹ kò fi yà mí lẹ́nu. Ó pẹ́ tí a ti ń ṣe àmín sí ohun tí a kò ní ṣe.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ Kristi. A máa ń ka ìtàn ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 bí ẹni pé ohun tó ń sọ kò ju ká máa ṣàánú àwọn tó rẹlẹ̀. Tún un kà. Ọkùnrin tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́ṣà lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò kì í ṣe ará Samáríà. Ọmọ onílé ni. Àlùfáà rí i, ó yà kọjá; ọmọ Léfì rí i, ó yà kọjá. Ẹni tí wọ́n ń kẹ́gàn ló di ọgbẹ́ rẹ̀, tó da òróró àti wáìnì sí i, tó gbé e gun ẹranko tirẹ̀, tó sì san owó ilé àlejò. Kí ló fà á tí àwọn Júù fi kórìíra ará Samáríà? Ọ̀rọ̀ ìran wà níbẹ̀. Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 17 sọ bí ọba Asíríà ṣe kó àwọn àjèjì wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ náà, àwọn Júù sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dàpọ̀, ìsìn wọn kò sì mọ́. Ohun tí ìyá rẹ ń sọ nípa ìdílé ọmọbìnrin yẹn kò yàtọ̀ sí i rárá. Nígbà tí Jésù wá béèrè pé ta ló ṣe bí ọmọnìkejì, ẹnu amòfin náà kò gbà á láti pe "ará Samáríà." Ó ní, "Ẹni tó ṣàánú fún un ni."

Nítorí náà, tí a bá ti ń wo ara wa bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdílé kan lóore nípa gbígbà wọ́n, a ti ṣi ìtàn náà kà. Àwa la wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀ ni àánú ti wá, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ṣe ti ọwọ́ Àjàyí dé ọwọ́ wa.

Fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gan-an, Rúùtù ni kí o kà. Ará Móábù ni, Diutarónómì 23 sì sọ pé ará Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa. Bóásì fẹ́ ẹ síbẹ̀. Rúùtù bí Óbẹ́dì, Óbẹ́dì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì, Mátíù sì dárúkọ obìnrin náà gbangba nínú ìwé ìran Jésù. Bí wọ́n bá gbé ìran Olúwa wa fún alárinà láti ṣe ìwádìí rẹ̀ bí a ti ń ṣe é nílé wa, wọn kò ní fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ni àwọn ń sọ, pé ègún ìdílé ni àwọn ń sá fún. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí pẹpẹ ló ti ń wá nísinsìnyí, ẹ̀gàn àtijọ́ ló sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìsíkíẹ́lì orí 18, àwọn ará Ísírẹ́lì ní òwe kan pé àwọn bàbá jẹ èso àjàrà kíkan, eyín àwọn ọmọ sì kan. Ọlọ́run ní kí wọ́n má pa òwe náà mọ́ láé. Òwe kan wà, nígbà náà, tí Ọlọ́run fòfin dè.

Sí ìbéèrè rẹ kejì: òwe wa bá ẹ̀kọ́ Kristi mu, ṣùgbọ́n kò bá a débi tó lọ. Òwe náà mú ẹrú àti ọmọ dọ́gba níbi ìbí, ó sì fi ẹrú sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó bá a. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Fílémónì nípa Ónésímù ẹrú rẹ̀, ó ní kó gbà á padà bí arákùnrin olùfẹ́, kí ó gbà á bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló dé, bó bá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó kà á sí òun lọ́rùn. Iyàrá àlejò ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, ó sì ní iye tí yóò ná onílé.

Báwo ni o ṣe máa bá ìyá rẹ sọ ọ́? Má fi òwe náà gbá wọn lójú. Ọmọdé kì í pa òwe fún àgbà láìtọrọ gáfárà. Sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o," kí o sì jẹ́ kí wọ́n fún ọ láyè. Ó sàn kí àgbà bá àgbà sọ ọ́: àbúrò bàbá rẹ, tàbí ìyá kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá tí ìyá rẹ ń gbọ́ tirẹ̀. Má bá wọn jà lórí ìwádìí, nítorí ìwádìí kò burú. Kí wọ́n béèrè ìwà ọmọ náà, bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé, kí ẹ̀yin méjèèjì sì lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù. Ohun tó tọ́ láti wádìí nìwọ̀nyẹn.

Ní ti ọmọbìnrin náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé etí rẹ̀, má fi rẹ́rìn-ín, má sì sọ fún un pé ìwọ ní tìrẹ kò ka ìyẹn sí, bí ẹni pé àbùkù kan wà tí o fi ojú fo. Sọ fún un pé o fẹ́ràn rẹ̀, kí o sì sọ ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ yóò wá mọ̀ ọ́n nílé.