Ibi tí ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́ ti lè rí ìtọ́jú ìlera ìjọba gbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ Marwa, èmi ń ta ata lójà n'Íbàdàn. Ọmọ méjì la bí, àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, ìyá ọkọ mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ pé ìjọba ń tọ́jú àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo lọ béèrè nílé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n ní kí n lọ sanwó káádì. Ibo gan-an ni kí n lọ? Kí ni kí n mú dání?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Òótọ́ lohun tí ẹ gbọ́. Ibi tí ẹ ti lọ béèrè ni kì í ṣe ibẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, ìyẹn wọ́ọ̀dù ìdìbò àdúgbò yín, ni ẹ óò lọ, nítorí ọ̀nà tí owó náà ń gbà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya owó kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ó kéré tán 1% nínú owó tó ń wọ àpò rẹ̀. Apá kan owó yẹn ń lọ sọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn aláìní. Apá mìíràn ń lọ tààrà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, fún oògùn àti àtúnṣe. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ka ènìyàn. Bí orúkọ yín kò bá sí nínú ìwé wọ́ọ̀dù, aláìsàn tó ń sanwó lẹ jẹ́ lójú ilé ìwòsàn ńlá.

Ní Ọ̀yọ́, OYSHIA ni àjọ náà. Ẹni tó bá ń gbé Èkó, LASHMA ni tirẹ̀, àwọn ló ni ètò tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. OGSHIA ni ti Ògùn.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wá NIN. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, títí kan àwọn ọmọ, torí NIN bàbá kì í dúró fún ti ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN, àtúnṣe ni wọ́n ń gbowó lé. Fún àwọn ọmọ, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí wọn àti NIN òbí kan dání. Ìwé ẹ̀rí ìbí náà ò sì gbọ́dọ̀ ná yín lówó lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ò tíì pé ọdún 18. Bí ẹ bá ti gba NIN tí ẹ ò rántí nọ́ńbà náà mọ́, ẹ tẹ *346# lórí láìnì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.

Ìdí NIN yìí ni ìforúkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há. Òṣìṣẹ́ á tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá náà sórí ẹ̀rọ, orúkọ tó bá jáde níbẹ̀ ló máa wọ ìwé. Bí NIN bá pè yín ní Rashidat, tí wọ́n kọ Rasheedat sórí káádì aboyún yín, tàbí tí NIN ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín nígbà tí ilé ìwòsàn ń pè yín lórúkọ ọkọ, ẹni méjì ni ẹ̀rọ máa kà yín sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá rọbí, tí wọ́n ń wá orúkọ yín, wọn ò ní rí i. Ẹ má tíì sáré lọ sanwó àtúnṣe NIN. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi orúkọ tó wà lórí NIN kọ káádì aboyún yín. Ìyẹn ò náni ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ẹ béèrè ọ̀gá ibẹ̀, OIC ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi í bóyá ilé ìwòsàn tiwọn ni wọ́n yàn fún BHCPF, ìyẹn owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tí mo sọ lókè, ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹ pè é ní BHCPF bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Nínú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé méjì tàbí mẹ́ta tó lè wà ní wọ́ọ̀dù kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yàn, ẹni tó bá sì lọ sí èkejì lè padà wálé kó máa sọ pé irọ́ ni ètò náà.

Àyè tó wà kì í kárí gbogbo ènìyàn. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara àti àwọn tó tòṣì jù ni wọ́n ń mú ṣíwájú. Nínú ilé yín, ẹ̀yin, àbúrò àti màmá lẹ lè tètè wọlé. Ẹ má torí pé wọn ò gba ọkọ yín kí ẹ fi tiyín sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò náà wà lára àwọn tó ń tọ́ka ẹni tó yẹ, nítorí náà ẹ lọ rí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín, ẹ ní kí ìyálọ́jà tàbí baálẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má tijú pé wọ́n á pè yín ní aláìní. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń tijú báyìí, àwọn tí kò nílò rẹ̀ tó wọn á sì wọlé ṣíwájú wọn.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín fún ìforúkọsílẹ̀ BHCPF. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá owó fọ́ọ̀mù tàbí owó "ìsáré", ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun àjọ ìpínlẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbà yín, ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà nìkan lẹ óò máa lọ. Ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí, ìtọ́jú lẹ́yìn ìbí, ibà, àìsàn ọmọ kékeré, ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wà nínú ohun tí ètò náà ń san. Ní ti màmá, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò yàtọ̀ sí oògùn. Ẹ mú páálí oògùn tí wọ́n ń lò lọ, kí ẹ bi wọ́n bóyá irú rẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Bí kò bá sí, ẹ ní kí dókítà wo èyí tó wà níbẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀. Màmá ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra wọn ṣáájú ìgbà yẹn.

Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á fún yín ní lẹ́tà referral, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń darí aláìsàn, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ lẹ́tà náà wò dáadáa: orúkọ bó ṣe wà lórí NIN, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín, àìsàn tó ń ṣe yín, déètì, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń dá padà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ láìgba lẹ́tà, tí kì í sì í ṣe pàjáwìrì, á sanwó lápò ara rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní sanwó iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì mọ́, NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ni yóò máa san án fún ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bi agbẹ̀bí yín báyìí pé èwo ló wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kó di òru ọjọ́ ìrọbí.

Tí àyè ò bá sí fún ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n, àjọ ìpínlẹ̀ ní ètò tí ènìyàn ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ onímarwa sì lè dáwó rẹ̀ pọ̀. Inú àkáǹtì àjọ náà ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ẹ máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ẹni tí àìsàn ti dá dúbúlẹ̀ kó tó lọ san án lè má jàǹfààní rẹ̀ nínú àìsàn yẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn HIV ò nílò ètò kankan, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Bí pàjáwìrì bá dé kí orúkọ yín tó jáde, abala 20 nínú òfin 2014 yẹn ní ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan. Owó ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ni ìjìyà rẹ̀. Àmọ́ òfin náà ò pa gbèsè rẹ́. Wọ́n lè gbé owó wá lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ béèrè òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ àwùjọ ilé ìwòsàn náà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka wọn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ńlá náà sì ní. Àwọn ló ń yẹ ipò aláìsàn wò, tí wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín owó kù tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí owó fi gun òkè kó tó lọ bá wọn, ọwọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́.

Bí ẹ bá sì ti bímọ tán, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, ẹ gba NIN rẹ̀, kí ẹ padà lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Orúkọ tiyín tó wà níbẹ̀ kò tó fún un.