Èsì: Lógò tí mo mú wọ GIMP ń ṣí lọ́tọ̀, kò bọ́ sórí fọ́tò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàtúnṣe fọ́tò yẹn, Open lẹ ń tẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń ṣí lógò yẹn ní tab tiẹ̀. Open as Layers ni kẹ́ ẹ tẹ̀, inú File náà ló wà, abẹ́ Open gan-an, tàbí kẹ́ ẹ lo Ctrl+Alt+O, lógò á bọ́ sórí fọ́tò yín bíi layer tuntun, ìyẹn ìpele kan tó dá dúró lórí fọ́tò.

Àmọ́ o, ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣí fọ́tò yẹn sílẹ̀ ná, tí nǹkan kan ò bá sí níbẹ̀, á kàn ṣí lógò bíi fọ́tò tuntun ni.

Tó bá jẹ́ máòsì lẹ fi ń wọ́ lógò wọlé, ibi tẹ́ ẹ bá já a sí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ dáadáa: ẹ já a sórí fọ́tò fúnra ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá já a sórí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì àti àwọn irinṣẹ́ yòókù wà, ọ̀tọ̀ ló tún máa ṣí.

Tí lógò bá tóbi ju fọ́tò lọ, apá kan ẹ̀ ò ní hàn, kò gé o, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí, ẹ fi irinṣẹ́ Scale dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì PNG ni kẹ́ ẹ lò fún lógò, JPG máa ń gbé ẹ̀yìn funfun dání ni.