Òòrùn Ń Ràn, Ọkọ̀ Ò Ṣí: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Anafi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. London lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. A fẹ́ lọ fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi ní erékùṣù Anafi ní Gíríìsì lóṣù kẹjọ, torí a gbọ́ pé ibẹ̀ dákẹ́. Ajẹ́ntì wa ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú lọ sí Santorini, erékùṣù tó ní pápákọ̀ òfurufú nítòsí ibẹ̀, ká wọ bàálù wálé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òjò kì í rọ̀ lọ́hùn-ún lóṣù kẹjọ, pé ọkọ̀ ò lè ṣàìlọ. Ilé wo la lè wọ̀ sí?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ló kàn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ kọ irú lẹ́tà yìí sí mi, ọ̀rọ̀ àwọn ajẹ́ntì tó ń ta irú ìrìn àjò yìí sì ti sú mi.

Òótọ́ ni, òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹjọ. Ṣé òjò ló ń dá ọkọ̀ dúró ni? Àwa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kí ìjì tó jà, ojú ọ̀run á kọ́kọ́ ṣú. Lórí òkun Aegean, tí Anafi wà nínú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní meltemi. Àríwá ló ti ń fẹ́ wá, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ló sì ń le jù. Ooru ilẹ̀ Tọ́kì ló ń fà á: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́, èyí tó wúwo lápá Balkan, ní àríwá Gíríìsì, á wá máa rọ́ lọ síbẹ̀ gba orí òkun. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, òòrùn á máa ràn, ìgbì á sì máa ru. Tó bá ti tó ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn, ìyẹn kìlómítà 62 sí 74 ní wákàtí kan, àwọn aláṣẹ èbúté sábà máa ń fòfin de ọkọ̀. Apagoreftiko lorúkọ òfin náà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Ó ti ká èmi náà mọ́ Anafi rí. Apá gúúsù ni èbúté Agios Nikolaos wà, òkè sì bò ó, torí náà omi ẹsẹ̀ wa pa rọ́rọ́ bí omi inú àwo. Bàbá kan tó gbé báàgì dání ń bínú pé ṣé omi tó dákẹ́ báyìí náà ni wọ́n ní kò ṣeé rìn. Obìnrin tó ń ta kọfí ń fi kílíìpù há aṣọ orí tábìlì rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn nàka sí ọ̀ọ́kán. Níbi tí ààbò òkè pin sí, gbogbo ojú òkun ti funfun. Ọjọ́ méjì la fi dúró.

Anafi ò ní pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ tó ń yà síbẹ̀ ò sì pọ̀. Tí ọkọ̀ ò bá lọ, òfin Yúróòpù ní kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín padà tàbí kí wọ́n fi yín sí òmíràn. Tó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ló fà á, kò di dandan kí wọ́n san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún yín. Bàálù tó bá fi yín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn. Ẹ ka inṣọ́ránsì yín dáadáa, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń san ti atẹ́gùn.

Ẹ kúrò ní Anafi ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú bàálù, ọjọ́ méjì ló dáa jù, kẹ́ ẹ sùn ní Santorini. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní, ẹ má lọ lóṣù kẹjọ rárá. Ẹ lọ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹ kàn yẹra fún ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ọdún Màríà Wúńdíá tí wọ́n ń pè ní Panagia Kalamiotissa, torí èrò máa ń ya wá.

Ẹ ò sọ irú pásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ ní. Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Britain nìkan ò tó, ẹ máa gba físà Schengen, èyí tí Gíríìsì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ẹ bèèrè fún ọjọ́ tó kọjá ọjọ́ ìpadà yín. Ọwọ́ kónsólà ni àṣẹ wà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn.

Ní ti ilé, ẹ wọ̀ sí Kleisidi tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn etí òkun, tàbí Chora lórí òkè tẹ́ ẹ bá fẹ́ wà láàárín àwọn ará ìlú, tí gbogbo wọn ní erékùṣù náà ò ju nǹkan bí 300 lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó ilé kankan, ẹ pe ajẹ́ntì yín lónìí, kó yí ọjọ́ bàálù yẹn padà nígbà tó ṣì ṣeé yí.